Ta ni Merkle tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi pe ọmọ mi? Ẹ gbà mí o

Bàbá Tòmíwá
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Chicago ni mo wà, ọmọ Ìbàdàn ni mí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló kó bésíbọ́ọ̀lù wọlé láti ilé ìwé. Mo ń gbé e lọ sí pápá ní gbogbo Sátidé, mo ń jókòó, mo ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn tó kù bá ń pàtẹ́wọ́.

Lánàá, eré ku díẹ̀ kó parí, ayò sì dọ́gba. Ọmọ mi wà ní bésì kìíní, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní bésì kẹta. Ọmọ mìíràn gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, èyí tó wà ní bésì kẹta sá wọlé, gbogbo wa fò sókè. Tòmíwá náà fò sókè. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sá lọ dì mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣé kò tíì dé bésì kejì. Ọmọ kékeré kan nínú ẹgbẹ́ kejì mú bọ́ọ̀lù, ó rọra lọ tẹ bésì kejì, rẹfirí ní ayò yẹn kò wọlé mọ́. Nígbà tí wọ́n gbá àfikún, wọ́n na tiwa.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn wá pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn pé ó ti ṣe bíi Merkle. Àwọn bàbá òyìnbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ náà sì rí mi.

Kò jẹun alẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Merkle? Kí ló dé tí ayò tó ti wọlé fi tún jáde? Kí ni kí n sì sọ fún ọmọ yìí?

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ lóúnjẹ. Merkle kò ní sá lọ. Kí lẹ sè?

Bàbá Tòmíwá
Àmàlà ni ma.

Ìyá Ìbejì, Houston
Àmàlà kẹ̀? Ta ló ń fi àmàlà rẹ ọmọ lẹ́kún? Ẹ din dòdò fún un, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bronx
Bàbá Tòmíwá, ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí ráńdàsì tí àwọn ọmọbìnrin máa ń gbá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwa ọkùnrin á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì ń fi kóńdó gbá a, á wá sá yípo: bésì kìíní, ìkejì, ìkẹta, kó tó padà sílé. Tó bá délé láyọ̀ ni ayò wọlé. Ẹgbẹ́ tó ń gbá kò ní kúrò lójú kóńdó títí wọ́n á fi yọ mẹ́ta nínú wọn.

Ibi tó ta kókó nìyí. Bésì kan kò gba èèyàn méjì. Bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá ti ń sá bọ̀ ní bésì kìíní, ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde fún un bí ìgbà tí onílé dé bá àlejò lórí àga rẹ̀. Dandan ni kó sá lọ sí ìkejì. Nítorí pé dandan ni, àwọn tó ń ṣọ́ wọn kò ní láti fọwọ́ kàn án rárá. Kí ẹnì kan ṣáà mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kó tẹ bésì kejì ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ pé irú yíyọ bẹ́ẹ̀ ló pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ayò tó wọlé lẹ́nu bọ́ọ̀lù yẹn kò sí nínú ìṣirò, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó wọlé ti jókòó, tó ti ń mu omi.

Nítorí náà rẹfirí kò ṣi ẹjọ́ dá fún Tòmíwá. Òfin náà le, ṣùgbọ́n òfin ni.

Bàbá Tòmíwá
Háà. Ó ti yé mi. Ọdún méjì ni mo ti ń jókòó ní pápá yẹn o, ẹ̀yin èèyàn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. New Jersey ni mo ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo ń fi pa ìrọ̀lẹ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ Merkle yìí dáadáa. Ẹ jókòó.

Fred Merkle lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní Watertown, ìpínlẹ̀ Wisconsin, Toledo ní Ohio ló sì dàgbà sí. Ní ọdún 1908, ọmọ ọdún 19 ni, òun ló kéré jù nínú líìgì rẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ New York Giants lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, John McGraw. Orí bẹ́ńṣì ló máa ń wà. Fred Tenney ló máa ń ṣọ́ bésì kìíní fún wọn. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀yìn ń dun Tenney, McGraw bá ní kí ọmọ yìí bọ́ sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Tenney kò gbá ní gbogbo ọdún yẹn nìyẹn.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń du ipò kìíní, wọ́n sún mọ́ra bí eyín ààrò: Giants, Chicago Cubs àti Pittsburgh Pirates. Lọ́jọ́ náà Cubs ló wá bá Giants nílé, ní pápá Polo Grounds lókè Manhattan. Christy Mathewson ló ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn onílé, ẹni tó jẹ eré 37 lọ́dún ọ̀hún. Jack Pfiester ló ń jù fún Cubs. Ní abala karùn-ún Joe Tinker ti Cubs gbá ọ̀kan tí kò jáde ní pápá, ẹsẹ̀ ló fi sá yí gbogbo bésì po títí ó fi wọlé. Ní abala kẹfà Mike Donlin gbá tirẹ̀, Buck Herzog sá wọlé fún Giants. Ọ̀kan sí ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé abala kẹsàn-án, èyí tó kẹ́yìn. Giants ló ń gbá, wọ́n ti yọ ẹnì kan. Ẹ fojú síbí o. Art Devlin gbá a, ó dé bésì kìíní. Moose McCormick tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí nílẹ̀, Devlin gbọ́dọ̀ sá lọ sí bésì kejì, Cubs ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀ kó tó dé: wọ́n yọ Devlin. Òfin tí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé yẹn náà ni! Ojú Merkle ló ṣe, kóńdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló kàn. Ó ku ẹnì kan péré kí abala parí, McCormick sì dúró sí bésì kìíní. Merkle gbá a lọ sí apá ọ̀tún, òun náà dé bésì kìíní, McCormick sá dé bésì kẹta. Àwọn èèyàn kì í rántí èyí. Bí ọmọ yẹn kò bá gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, kò ní sí ayò kankan tí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ó bàjẹ́.

Al Bridwell ló bọ́ sí i. Ó gbá a gba àárín kọjá. McCormick wọlé. Òǹwòran ya wọ pápá bí omi tó fọ́ bèbè. Merkle rí McCormick tó tẹ ilé, ó yà, ó sá gba yàrá ìmúra lọ.

Kò tẹ bésì kejì.

Táyé ní Peckham
Olùkọ́, kí ló ń sá fún? Ṣé kò lè dúró ká jọ yọ̀ ni?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ìbéèrè tó dára nìyẹn, òun gan-an ni ìdáhùn fún Tòmíwá. Yàrá ìmúra àwọn agbábọ́ọ̀lù ní Polo Grounds wà ní òpin pápá lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ àárín. Láyé ìgbà yẹn, tí eré bá ti parí, inú pápá làwọn òǹwòran máa ń gbà jáde. Bí agbábọ́ọ̀lù bá jáfara, èrò á ká a mọ́ àárín. Nítorí náà, gbàrà tí ayò ìṣẹ́gun bá ti wọlé, oníkálukú á ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní bésì kìíní kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti dé ìkejì. Àwọn àgbà tó ti gbá á fún ọdún 10, ọdún 15, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Òfin wà nínú ìwé, òótọ́ ni. Ó dà bí "Má tọ̀ síbí" tí wọ́n ń kọ sára ògiri nílé. Gbogbo ayé lè kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bronx
😂 Olùkọ́!

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Pittsburgh kún un, torí pé láìsí i, ìtàn yẹn kò pé. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà, ọjọ́ 19 péré ṣáájú, Cubs wà ní Pittsburgh. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀. Ayò ìṣẹ́gun wọlé, ọmọ kan tó ń jẹ́ Warren Gill yà kúrò lọ́nà láì tẹ bésì kejì. Johnny Evers ti Cubs, tó ń ṣọ́ bésì yẹn, mú bọ́ọ̀lù, ó tẹ bésì, ó ké sí rẹfirí. Rẹfirí náà, Hank O'Day, ní òun kò rí i. Cubs kọ̀wé fẹ̀sùn kan, wọ́n dá a nù.

Ta ló wá jẹ́ rẹfirí ní New York lọ́jọ́ ti Merkle? Hank O'Day kan náà! Òun àti Bob Emslie. Ọkàn O'Day ti wà lójúfò, Evers sì ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbabẹ̀ kọjá ni pańpẹ́ máa mú. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ ọdún 19 pé pańpẹ́ wà níbẹ̀.

Táyé ní Peckham
Evers yìí kì í ṣe èèyàn dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bronx
Evers ka ìwé òfin, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ka ìwé kò ṣẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ parí ìtàn náà jàre. Bọ́ọ̀lù wá dà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Bẹ́ẹ̀ ni ma. Ibẹ̀ ni ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí kò ti kò. Solly Hofman ló ti ọ̀nà jíjìn ju bọ́ọ̀lù wá sí inú, Evers ń jù apá sókè, ó ń ké pé kí wọ́n jù ú sóun, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀. Joe McGinnity ti Giants, àgbà ajubọ́ọ̀lù tó dúró létí pápá lọ́jọ́ náà, ti fura sí ohun tó ń lọ. Àwọn kan ní òun ló rá bọ́ọ̀lù gbà, tó sì jù ú sáàárín èrò. Àwọn kan ní Rube Kroh ti Cubs, tí kò tilẹ̀ sí nínú eré, ló lọ já a gbà lọ́wọ́ òǹwòran kan. Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù mìíràn pátápátá ni Evers fi tẹ bésì. Evers fúnra rẹ̀ sọ títí ó fi dàgbà pé bọ́ọ̀lù gidi ni.

Èyí tó dájú ni pé bọ́ọ̀lù kan dé ọwọ́ Evers, ó dúró lórí bésì kejì. Emslie, tó yẹ kó rí i, ti ṣubú lulẹ̀ nígbà tó ń yẹra fún bọ́ọ̀lù Bridwell, ó ní òun kò rí Merkle. O'Day ní òun rí i. Ó ní wọ́n ti yọ Merkle, ayò kò wọlé. Ilẹ̀ ti ń ṣú, èrò ti kún pápá fọ́fọ́, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ máa gbá a lọ. Ọ̀mì ni wọ́n pè é.

Bàbá Tòmíwá, tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ẹ má ṣe mú ọ̀kan nínú ìtàn bọ́ọ̀lù yìí kí ẹ sọ pé òun ni òótọ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n máa dá irú ẹjọ́ yẹn fúnra wọn.

Ọ̀gá Ṣọ́jà
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ fẹ́ ba ọmọ jẹ́ ni. Ọmọ kò tẹ bésì, wọ́n fìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló kù? Láyé tiwa, tí o bá fi àìbìkítà pàdánù bọ́ọ̀lù, pàṣán lo máa jẹ kó o tó délé. Kí Bàbá Tòmíwá sọ fún un pé kó máa lo ojú rẹ̀. Ó tán.

Akọ́ni ní Maryland
Ọ̀gá Ṣọ́jà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 9 sí 12 ní eré yìí. Mo gbà pé kí ọmọ lo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí: ọmọ tí wọ́n bá pariwo mọ́ lórí bésì kì í di ẹni tó ń ṣọ́ra. Ojú bàbá rẹ̀ ló máa ń wò dípò bọ́ọ̀lù. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó sá, á kọ́kọ́ wo ìjókòó.

Èyí tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń to bésì mẹ́rin, màá ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n ti jẹ eré, kí wọ́n sá, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n yọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan bésì kí ayọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yọ̀ kó tó tẹ bésì, gbogbo wa á jọ padà. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń kọ́ ọ. Ẹ lè fi sálúbàtà ṣe bésì lẹ́yìnkùlé yín. Kí ẹ̀yin náà sá pẹ̀lú rẹ̀, Bàbá Tòmíwá. Kí ó rí yín níbi tí ẹ ti ń gbàgbé.

Ní ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má bá a jà ní pápá. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ ní: ọmọ mi ti mọ ohun tó ṣe, mi ò fẹ́ kí ẹ tún pe orúkọ yẹn mọ́ ọn. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kó lè rí i pé ẹ̀ ń dúró de èsì.

Ọ̀gá Ṣọ́jà
Ti sálúbàtà yẹn dára. Mo gbà fún yín níbẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ó ku bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ẹjọ́ dé iwájú Harry Pulliam, ààrẹ líìgì. Ó fara mọ́ ohun tí O'Day sọ, Giants pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibi kan náà ló já sí. Nígbà tí ọdún eré parí, iye eré tí Giants àti Cubs jẹ dọ́gba gan-an, eré ọ̀mì yẹn nìkan ló kù. Wọ́n tún un gbá ní Polo Grounds ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá. Èrò pọ̀ débi pé àwọn tí kò rí àyè wọlé gun òkè Coogan's Bluff láti wò ó. Pfiester bẹ̀rẹ̀ fún Cubs, kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un jáde, Mordecai Brown wá bọ́ sí i. Brown yìí, ẹ̀rọ oko ló gé e níka nígbà tó wà lọ́mọdé, ọwọ́ tó kù díẹ̀ káàtó yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ajubọ́ọ̀lù tí apá kò ká, torí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yí bìrí lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Cubs na Giants 4 sí 2. Eré 99 ni Cubs jẹ lọ́dún náà, Giants 98, Pirates 98. Cubs lọ na Detroit Tigers, wọ́n gba ife àgbáyé. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó tún gbà á.

Merkle ni àwọn ìwé ìròyìn New York dojú kọ. "Bonehead" ni wọ́n sọ ọ́, orí tó jẹ́ kìkì egungun láìsí ọpọlọ nínú. Orúkọ yẹn kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ kí Tòmíwá gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ Merkle, Giants ṣì ní eré púpọ̀ láti gbá. Ajubọ́ọ̀lù Philadelphia kan, Harry Coveleski, nìkan na wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní sí pé à ń tún eré kankan gbá. Ta ló ń fi orúkọ àwọn tó gbá lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn bú ọmọ ọlọ́mọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Bronx
McGraw sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu McGraw burú, ó máa ń bú agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ títí wọ́n á fi sunkún, ṣùgbọ́n kò dá Merkle lẹ́bi. Ó ní àwọn ti pàdánù eré bíi méjìlá mìíràn tó yẹ káwọn jẹ. Ó fi kún owó oṣù rẹ̀. Nígbà tó yá, Merkle di ẹni tó ni bésì kìíní Giants. Ó bá wọn dé ìdíje àṣekágbá ní 1911, 1912 àti 1913, ó bá Brooklyn dé e ní 1916, ó bá Cubs dé e ní 1918. Cubs kẹ̀! Wọ́n pàdánù márààrún o, èyí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ jẹ́ kìkì egungun kì í débẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bridwell náà sọ nígbà tó dàgbà pé ó wu òun kó jẹ́ pé òun kò gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn rárá, torí ohun tó fi ojú ọmọ náà rí.

Bàbá Tòmíwá, inú Chicago lẹ wà, àbí? Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn bá tún dárúkọ Merkle, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé ìlú tirẹ̀ ló jẹ èrè ọjọ́ yẹn, tí ó sì tún pe Merkle wá gbá fún un láti 1917 sí 1920.

Táyé ní Peckham
Èyí dùn! Mo ti da á kọ.

Yèyé Matanzas
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí díẹ̀. Mo ń kọ́ nípa àwọn Lukumí, ìran Yorùbá tó wà ní Cuba, eré yìí sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, "pelota" ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ń sọ ọdún 1908 fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, ẹ má gbàgbé pé kò sí aláwọ̀ dúdú kan ní Polo Grounds lọ́jọ́ náà tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan. Wọn kò gbà wọ́n láàyè. Ó di 1947 kí Jackie Robinson tó wọlé lọ́dọ̀ Brooklyn Dodgers.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1908 yẹn kan náà, Cincinnati Reds, tó wà nínú líìgì Merkle, lọ sí Havana. José Méndez, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Cárdenas ní ìpínlẹ̀ Matanzas, ju bọ́ọ̀lù sí wọn fún ẹgbẹ́ Almendares. 1 sí 0 ló nà wọ́n, ẹnì kan péré ló rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dáadáa. Abala 25 ló fi jù sí àwọn Cincinnati yìí láìjẹ́ kí wọ́n rí ayò kankan wọlé. Ní 2006 ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni eré náà ní Amẹ́ríkà. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fẹ́ fún Tòmíwá ní orúkọ láti 1908, òmíràn wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ ṣé, Yèyé. Ṣùgbọ́n kí Bàbá Tòmíwá má kó gbogbo rẹ̀ dà lé ọmọ lórí lálẹ́ kan o. Ẹ sì fo ti Pulliam, ààrẹ líìgì yẹn. Mo ti lọ wò ó, ó pa ara rẹ̀ ní oṣù Keje 1909. Ọmọ ọdún 11 kò nílò ìyẹn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Òótọ́ ni ma. Ìdí tí mo fi gbójú fò ó nìyẹn. Bí ọmọ bá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Merkle gbẹ̀yìn, ẹ sọ pé Florida ló gbé, pé ó pẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jẹ mọ́ eré náà. Ní 1950 ni wọ́n pè é padà sí Polo Grounds níbi ayẹyẹ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù. Ó lọ. Òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kú ní 1956.

Akọ́ni ní Maryland
Ohun kan ló kù, Bàbá Tòmíwá. Ẹ̀rín yẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí ẹ tó sọ ti Merkle.

Bàbá Tòmíwá
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Mo fẹ́ jábọ̀.

Mo din dòdò bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ó jẹ ẹ́ tán, kò sọ̀rọ̀. Mo wá jókòó tì í, mo ní: "Tòmíwá, lọ́jọ́ Sátidé, mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ Merkle. N kò tilẹ̀ mọ òfin eré náà. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni." Ó wò mí títí. Ó ní, "Láti ọdún méjì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló wá ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ìtàn náà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti yọ Devlin lójú Merkle, ó ní kí n tún un sọ. Ti Pittsburgh bí i nínú, ó ní O'Day kò ṣe déédéé, ó yẹ kó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ti bọ́ọ̀lù tó sọnù ló gba ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní bọ́ọ̀lù mìíràn ni Evers mú, kò sí ẹni tó máa yí òun lérò padà. Ó bi mí bóyá bọ́ọ̀lù tí ọmọ yẹn fi yọ òun lọ́jọ́ Sátidé jẹ́ bọ́ọ̀lù gidi. Mo ní mo rí i, gidi ni. Ó ní, "Ó dáa."

Mo rí akọ́nimọ̀ọ́gbá lánàá kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ bí Akọ́ni ṣe kọ́ mi, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní òun kò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò dárúkọ 1917 o, Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo fi ìyẹn pamọ́ sápò.

A wà lẹ́yìnkùlé báyìí. Èmi ni mo ti gbàgbé láti tẹ bésì kejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tòmíwá ń yọ mí bó ṣe wù ú.

Akọ́ni ní Maryland
Kí lẹ fi ṣe bésì?

Bàbá Tòmíwá
Sálúbàtà. Ti ìyá rẹ̀ ni bésì kejì, ó sì ti ń wá a nínú ilé.